Ìsọ̀ ìwé kan ní Ṣápọ́n, Abẹ́òkúta, àti mọ́tò pupa kan

Ẹ má fi ojú ìta wo ìsọ̀ yìí. Tí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó rò pé bíró àti rúlà nìkan ni wọ́n ń tà. Ẹ wọlé lọ. Lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù tó ń ké ṣínṣín bí ọmọ eku, ni àwọn ìwé ìtàn wà, tuntun àti àlòkù, nínú páálí Indomie tí wọ́n fi máákà kọ "ọmọdé" àti "ọ̀dọ́" sí lára.

Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló mú mi mọ ibẹ̀. Ó ra àlòkù kan ní ₦1,500, ìtàn àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣèwọ́de nítorí ọlọ́pàá tó yìnbọn. Ọjọ́ méjì ló fi kà á tán. Nígbà tí iná lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù mi ló fi ń kà á títí bátìrì fi kú. Mo ní ìyá ìyá mi náà ṣèwọ́de rí, ní Aké níbí, wọ́n sùn mọ́jú níwájú ààfin. Ọmọ náà wò mí bí ẹni pé àlọ́ ni mò ń pa. Ó ní, "Mọ́mì, inú ìwé wo ló wà?"

Ohun tó gbé mi dé ìsọ̀ náà fúnra mi nìyẹn. Ìtòkú ni mo ti ń ta àdìrẹ, kò jìnnà.

Ìwé aláwòrán kan nípa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ni bàbá tó ni ìsọ̀ kọ́kọ́ nà sí mi, ₦2,500. Bébà rẹ̀ dán, àwòrán rẹ̀ mọ́ lójú. Mo ṣí i. Wọ́n bí màmá. Màmá lọ sílé ìwé. Ojú ewé kẹta àti ìkẹrin, mọ́tò: wọ́n ní àwọn ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò ní Nàìjíríà. Mọ́tò náà pupa fòò, ó gba ojú ewé méjèèjì. Ìkarùn-ún ní màmá jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, ó parí. Ẹ̀tọ́ wo? Ta ni wọ́n bá jà? Kò sí owó orí níbẹ̀, kò sí ọjà, kò sí Aláké.

Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni yóò yé ọmọdé. Wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ rẹ̀, kò sì sí obìnrin kankan níbi tí wọ́n ti ń pinnu bí wọ́n ṣe máa ná an. Ìyá ìyá mi máa ń sọ pé ìdí ìkòkò aró ni wọ́n ti wá mú ọ̀rẹ́ àwọn, aró ń kán lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi yà ní kọ́nà. Lọ́dún 1947 ni àwọn obìnrin tú jáde, màmá inú ìwé yẹn ló ṣáájú wọn. Nígbà tó fi di 1949, wọ́n ti dá owó orí obìnrin dúró, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá sì ti fi ìlú sílẹ̀. Ṣé ìyẹn wá le fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ju mọ́tò lọ ni?

Mo sọ ọ́ fún bàbá, wọn ò bínú. "Ìyá àwọn ọmọ, ohun tí wọ́n bá tẹ̀ là ń tà." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, wọ́n fa Aké jáde, ìwé tí Wọlé Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe wọn ní ìlú yìí, tó jáde lọ́dún 1981. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, sẹ́lótéèpù ni wọ́n fi dè é. Bàbá ní kí ọmọ má bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le. Kí ó lọ sápá ìparí, níbi tí àwọn obìnrin ti ń kóra jọ, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ọjà ní ìwé kíkà. Torí irú ìmọ̀ràn yẹn ni mo ṣe ní kí ẹ lọ síbẹ̀. Wọn ò tà á fún mi o, wọ́n yá mi ni, ₦500 fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo ní ẹjọ́ wí ṣá. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti sọ ìwé yẹn di Yorùbá tipẹ́, bàbá ò ní in. Nínú gbogbo páálí "ọ̀dọ́" yẹn, ìwé Yorùbá mẹ́ta péré ni mo kà, méjì nínú wọn sì jẹ́ ti ìdánwò. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn lédè Yorùbá lọ́dún 1859! Àwọn ìtàn ọmọ ọ̀dọ̀ pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ èyí tí mo ṣí wò nínú wọn, olówó kan ló ń wá gba ọmọ náà sílẹ̀ lójú ewé ìparí. Mo dá wọn padà sínú páálí. Wọn ò sì gba káàdì, ẹ mú owó lọ́wọ́.

Mo padà ra ìwé mọ́tò náà, torí àbígbẹ̀yìn mi ò fi í sílẹ̀. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, Aké ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun ní tirẹ̀ ti fi bíró ya obìnrin mẹ́sàn-án sẹ́yìn mọ́tò pupa yẹn. Ìyá mi wò ó títí, wọ́n ní kí ó kun ọwọ́ wọn ní búlúù.