Kírẹ́ṣì àdúgbò, nọ́sìrì àbí ti gọ́mìnántì: èwo ló máa bá yín lára mu ní Ìkòròdú?

Tẹ́ ẹ bá ń gbé Ìkòròdú tẹ́ ẹ sì ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí Island, tẹ́ ẹ wá ń wá ibi tẹ́ ẹ máa fi ọmọ sí, ẹ má tíì bèèrè owó o, aago tí wọ́n ń ṣí géètì àti aago tí wọ́n ń tì í ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Torí ẹni tó wọ BRT ní Agric ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, tó tún wá há sí Mile 12 nírọ̀lẹ́, kí ló fẹ́ fi nọ́sìrì tó ń palẹ̀ mọ́ ní aago kan ọ̀sán ṣe?

Kírẹ́ṣì àdúgbò, èyí tí màmá kan ń ṣe nínú ilé ẹ̀, máa ń gba ọmọ oṣù mẹ́ta, wọ́n ń tètè ṣí, tí gò-síló bá dá yín dúró ẹ lè pe màmá náà kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹ wọlé o, ẹ má parí ọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì. Ẹ ka ọmọ, ẹ ka àgbàlagbà. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọmọ 10 fún olùtọ́jú kan ní kírẹ́ṣì, èmi ti dé ibi tí ọmọ 17 ti wà lọ́wọ́ ọmọdébìnrin kan ṣoṣo, wọ́n kó gbogbo wọn síwájú tẹlifíṣàn, mi ò bèèrè owó rárá, mo gbé ọmọ mi mo jáde. Ẹ wo ibi tí wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Tí èéfín ẹ̀ bá ń wọ yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kúrò níbẹ̀, èéfín yẹn ń pààyàn lójú oorun.

Nọ́sìrì ti private máa ń wuni, wọ́n á ní ọmọ á ti máa kàwé ká tó mọ̀. Ibi tó ti ń dunni ni owó: fọ́ọ̀mù, yunifọ́ọ̀mù, ìwé, owó PTA, owó ẹ̀kọ́ àfikún (lesson), gbogbo ẹ̀ yàtọ̀ sówó sùkúù. Ẹ ní kí wọ́n kọ ti táàmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún yín. Ẹ sì bèèrè ẹni tó ń dúró ti àwọn ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde, torí nọ́sìrì kan ṣèlérí aago mẹ́fà fún mi, lọ́jọ́ kan mo dé ní aago márùn-ún kọjá díẹ̀, ọ̀dọ̀ máìgádì ni mo ti bá ọmọ mi, gbogbo àwọn ántí ti lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo yọ ọ́.

Ti gọ́mìnántì ńkọ́? Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọdé mọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, púpọ̀ nínú sùkúù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ló sì ní kíláàsì fáwọn ọmọ tó ti ń sún mọ́ Primary 1. Wọn kì í gba ìkókó, wọ́n sì máa ń tètè jáde. Tí ìyá àgbà bá wà nílé tó lè lọ mú ọmọ ọdún márùn-ún lọ́sàn-án, èyí lèmi máa mú, ma á fi owó tó kù ra ìwé àti oúnjẹ gidi fún un.

Àwọn kan ń gbé ọmọ lọ sí kírẹ́ṣì ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń fún un lọ́yàn, ó dáa, àmọ́ ọmọ náà á máa jí ní aago mẹ́rin bíi tiyín.

Ẹ tọ́jú ìwé ọjọ́ ìbí àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, tọ́mọ bá sì ti tó ọjọ́ orí ẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé ó ti gba ti èèyi ti oṣù 9 àti ti oṣù 15. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ yà síbẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ wo bí ántí ṣe ń gbé ọmọ tó ń sunkún, kẹ́ ẹ sì gbọ́ bóyá ó mọ orúkọ ẹ̀.