Fóòmù bẹ́ẹ̀dì àbí fóòmù ẹní ìdárayá: èwo ni ká fi ṣe idà eré?

Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ fi idà ṣeré Ṣọ̀ún Ògúnlọlá àti Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ààbò ara wọn ló sì jẹ mí lógún. Páìpù omi tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ṣe egungun idà méjèèjì. Ohun tí mo wé mọ́ ọn ló yàtọ̀.

Fóòmù bẹ́ẹ̀dì kò wọ́n, àwọn tó ń ṣe àga máa ń ní àgékù rẹ̀ nílẹ̀. Ó rọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ rírọ̀ yẹn gan-an ló ń tanni jẹ. Tí wọ́n bá fi gbá èèyàn dáadáa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sá jáde, páìpù á sì kan eegun. Ó tún ń fa omi mu.

Ní ti ẹní ìdárayá, ihò inú fóòmù rẹ̀ dí pa, afẹ́fẹ́ kò ríbi jáde, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ta padà. Ó wọ́n ju fóòmù bẹ́ẹ̀dì lọ. Òun ni mo yàn.

Síbẹ̀, mi ò da ti bẹ́ẹ̀dì nù: mo fi díẹ̀ sí ṣóńṣó idà, lórí ẹní tí mo ti fi bo ẹnu páìpù. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi gúnni o, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n lu orí.