Ilé tutorial JAMB kan ní Sábó, Ikorodu: ohun tójú wa rí kí àbúrò mi tó wọ Unilag

Mi ò kì í kọ irú nǹkan báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù kẹwàá. Àbúrò mi ọkùnrin ló fẹ́ wọ yunifásítì, èmi ni mò ń gbọ́ bùkátà ẹ̀, iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, Ìmọ̀tà là ń gbé. Mi ò ní dárúkọ ilé tutorial yẹn. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ SS3 ní JAMB, wọ́n ń bá wọn gba fọ́ọ̀mù, wọ́n sì ní àwọn á tẹ̀ lé ọmọ títí tó fi máa wọlé. Bí wọ́n ṣe sọ fún mi nìyẹn lọ́jọ́ tí mo sanwó.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dùn mí jù. Ọjọ́ Tuesday kan ni, mo wà nídìí máṣíìnì, mò ń rán aṣọ ẹbí tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi gbé fóònù wá bá mi, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Àwọn tí wọ́n jọ kàwé ti ń rí àdìmíṣọ̀n, lòun náà bá lọ ṣí CAPS tiẹ̀ lórí JAMB, ìyẹn ojú ìwé tí JAMB fi ń ṣètò àdìmíṣọ̀n, ibi tó yẹ kí rẹ́súlọ̀tì WAEC ẹ̀ wà, òfìfo. Kò sí English, kò sí Maths, kò sí ẹyọ kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ní SS3, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: ọmọ tí WAEC ẹ̀ ò tíì jáde nígbà tó ń gba fọ́ọ̀mù JAMB, tó wá kọ awaiting result, dandan ni kó padà lọ gbé rẹ́súlọ̀tì yẹn sórí JAMB tó bá ti jáde, ní CBT sẹ́ńtà (ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò) tí JAMB fọwọ́ sí tàbí ní ọ́fíìsì JAMB gan-an. Tí kò bá sí níbẹ̀, kódà kó gba 300 nínú 400, ilé-ìwé ò lè fún un láyè.

A sì ti sanwó ẹ̀ o! ₦3,000, láti oṣù kẹjọ, lọ́wọ́ bọ̀dá tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Ó ní òun ti ṣe é, a gbà á gbọ́.

Mo pa máṣíìnì tì, ó di Sábó. Bọ̀dá ní "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti gbé e sókè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì JAMB ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fún un ní wákàtí 48." Mo lọ sílé. Ọjọ́ Thursday, òfìfo náà ni. Mo padà lọ, bọ̀dá ń jẹun, kò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ lọ́mọ níbí. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò pariwo, mo kàn fa àga kan, mo jókòó tì í, mo ní mi ò lọ àfi tí mo bá fojú ara mi rí ohun tẹ́ ẹ gbé sókè. Ó tó bí ìṣẹ́jú ogójì tá a wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tutorial ń kọjá, wọ́n ń wò wá. Nígbà tó yá ó nu ọwọ́, ó tẹ nǹkan, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi, ó ní ṣé ẹ rí i báyìí? Lóòótọ́ ni rẹ́súlọ̀tì wà níbẹ̀, márààrún, ó tò wálẹ̀. Mo ti fẹ́ máa tọrọ àforíjì, àfi bí àbúrò mi ṣe tẹ̀ síwájú tó fìka kan òkè ojú ìwé yẹn. "Bọ̀dá, Unilag lèyí o, kì í ṣe JAMB."

Ó ní ìkan náà ni.

Kì í ṣe ìkan náà! Pọ́tàlì ilé-ìwé lọ́tọ̀, JAMB lọ́tọ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí jẹun, tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn òbí láti Odógunyàn títí dé Ìjẹ̀dẹ̀, kò mọ̀ pé ibi méjì ni rẹ́súlọ̀tì gbọ́dọ̀ dé. Oṣù méjì gbáko lọmọ fi jókòó sílé tó ń retí ohun tí kò lè wá. Inú mi ń ru bí mo ṣe ń kọ ọ́ báyìí.

Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ti bọ̀dá kí n má sọ ti màmá káńsẹ́lọ̀ wọn tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn, Ọlọ́run ò ní gbà fún mi. Màmá yìí jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, yàrá kékeré kan ló wà lẹ́yìn kíláàsì wọn. Àbúrò mi gba 248 nínú UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB, Mechanical Engineering ló sì kọ sí Unilag. Bí WAEC ṣe jáde, màmá ní kó wá, kó mú mi dání. Ó fa ìwé kan jáde, ó ń ṣírò lójú wa. 248, pín in sí 8, ó jẹ́ 31. Ó bọ́ sórí WAEC, Unilag ń fún A1 ní 4, B2 ní 3.6, B3 ní 3.2, bó ṣe ń wálẹ̀ nìyẹn. Maths B2, Physics B3, Geography B3, English C4, Chemistry C5, gbogbo ẹ̀ 15.2. Ó ro ó pọ̀, 46.2, ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní "Ọmọ mi, ohun tó o ní lọ́wọ́ rèé kó o tó wọ yàrá post-UTME, ìdánwò tí ilé-ìwé fúnra ẹ̀ ń ṣe, 30 péré ló kù tó o lè fi kún un, Mechanical á le fún ẹ, mi ò ní tàn ẹ́." Àbúrò mi dorí kodò. Màmá ò sọ pé kó lọ mú kọ́ọ̀sì tí kò nífẹ̀ẹ́ sí o, ńṣe ló bi í pé kí lo máa ń ṣe nígbà họlidé. Ó ní òun máa ń tẹ̀ lé àwọn sọ́féyọ̀, àwọn tó ń wọn ilẹ̀, lọ sórí ilẹ̀ ní Ìmọ̀tà, òun ni wọ́n máa ń ní kó di ọ̀pá mú, òun ló ń bá wọn ru àwọn òpó kékeré tí wọ́n ń rì sẹ́nu ààlà. Ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan nínú ẹ̀rọ yẹn, ojú ẹ̀ ti ń dán. Màmá wò ó, ó ní kí ló wá dé tí o ò kọ Surveying?

Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó ronú kàn án rí! Surveying and Geoinformatics wà ní Engineering náà ní Unilag, Maths, Physics àti Chemistry tó fi ṣe JAMB bá a mu, kò sí ohun tá a máa yí àfi kọ́ọ̀sì. A yí i.

Màmá yìí náà ló gbọ́ ariwo wa lọ́jọ́ Thursday yẹn. Ó jáde, ó gbọ́ tẹnu mi, ó gbọ́ ti bọ̀dá, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wọ bàtà, ó ní kíláàsì òun dúró, a jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí CBT sẹ́ńtà. Ó dúró sẹ́yìn ọmọbìnrin tó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ka gíréèdì kọ̀ọ̀kan sí i létí, nọ́ńbà ìdánwò, ọdún, ó ní kó padà ka gbogbo ẹ̀ sétí òun. Òun ló sanwó. Mo ní kí n dá a padà, ó kọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, márààrún ti hàn lórí CAPS.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àdìmíṣọ̀n jáde. Surveying, Akọka. Màmá tún pè pé ṣé ó ti tẹ Accept, torí àwọn ọmọ kan máa ń rí i tí wọ́n á kàn máa jó kiri. Ó ti tẹ̀ ẹ́. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Máàkì tí mo fún wọn: 2 nínú 5. Àbúrò wa obìnrin wà ní SS2, ibẹ̀ náà ló máa lọ tó bá wọ SS3, mo ti sọ fún màmá. Ṣùgbọ́n ₦3,000 wa ṣì wà lọ́wọ́ bọ̀dá, títí di òní kò tíì sọ pé ẹ má bínú.