Tírénìn ojú ọjọ́ tí mo lọ ní Ẹ̀pẹ́: fídíò bàlúùnù àti ìyá ẹlẹ́ja

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ torí àwọn èèyàn ò jẹ́ n sinmi lórí Wáásàpù, ṣé kí àwọn náà lọ sí ti ìgbà tó ń bọ̀. Tírénìn ọlọ́jọ́ márùn-ún ni, fún àwa ọ̀dọ́ tó ń ṣèwádìí lórí afẹ́fẹ́ àti ojú ọjọ́, mi ò ní dárúkọ àwọn tó ṣe é. Ìkòròdú ni mo ti gbéra, mo gba Ìtóìkín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ẹ ti mọ ìyókù.

Wọ́n ní onífísíìsì, oníkẹ́mísìrì, dókítà àtàwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ló máa jókòó pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìpolówó lásán ni mo pè é. Ọjọ́ kìíní sì fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, sùláìdì lórí sùláìdì, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò tàn, a jókòó sínú ooru bí ẹja inú ààrò. Ohun tó dùn mí jù ni bàlúùnù. Fọ́tò ẹ̀ ló wà lórí ìpolówó wọn gbàǹgbà, èyí tó máa ń gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ooru àti ọ̀rinrin lọ sókè tó kìlómítà 30 kó tó bẹ́. Fídíò la wò! Fídíò tí mo ti wò lórí YouTube o.

Ọjọ́ kejì sàn díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa iṣẹ́ ìwádìí kan tó ń jẹ́ DACCIWA, tí wọ́n ṣe ní 2016 lórí ìkùukùu, èéfín àti òjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pé ibi mẹ́ta ni wọ́n gbé irinṣẹ́ ńláńlá sí lórí ilẹ̀: Kumasi ní Gánà, Savé ní Benin àti Ilé-Ifẹ̀ wa níbí. Àti ọdún tí mo ti ń ka físíìsì, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí.

Ọjọ́ kẹta ló wá san owó mi padà. Wọ́n fún wa ní sẹ́ńsọ̀ kan péré fún èèyàn márùn-ún (ahun!), ìyẹn èyí tó ń fi iná lésà wá eruku tó kéré ju máíkrómítà 2.5 lọ, irun orí èèyàn nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po ogún ó lé. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, a ti wà létí ọ̀sà níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, nọ́ńbà fò sókè kọjá máíkrógíráàmù 180 nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀ pé èéfín ẹja rè é. Ìyá kan tó ń to igi ló wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, èéfín wo lẹ ń wọ̀n? Èmi ò tíì dáná o."

Ojú tì mí. Ọmọbìnrin oníkẹ́mísìrì ló là wá, ó ní kùrukùru orí ọ̀sà ni, pé tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ báyìí eruku á fa omi mu, á wú, sẹ́ńsọ̀ á sì rò pé ó pọ̀ gan-an, torí sẹ́ńsọ̀ olówó pọ́ọ́kú ò ní ohun tó ń gbẹ afẹ́fẹ́ kó tó kà á. Ọmọ kọ̀ǹpútà fi ìwọ̀n ọ̀rinrin tún dátà náà ṣe, nọ́ńbà wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Nígbà tí ìyá wá dáná, dókítà bi í pé wákàtí mélòó ló ń lò nídìí ààrò lójúmọ́, ìyá ní mẹ́jọ, nígbà míì mẹ́wàá. Èmi ò ní rántí bèèrè yẹn láéláé. Òdiwọ̀n tí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gbé jáde ní 2021 fún irú eruku yìí sì jẹ́ máíkrógíráàmù 15 fún ọjọ́ kan ṣoṣo nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan.

Ìkọ́kọrẹ́ ọjọ́ kẹrin dáa débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dárí jẹnẹrétọ̀ jì wọ́n.

Mo fún wọn ní mẹ́ta ààbọ̀ nínú márùn-ún. Ẹ lọ, àmọ́ ẹ gbé páwábáǹkì dání, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó: bàlúùnù gidi ni àbí fídíò?