Ìlà vinyl oníkókó fún àtẹ̀gùn adágún ìlúwẹ̀ẹ́: ohun tí mo rí lẹ́yìn oṣù 8

Ní ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ìyá mi yọ̀ lórí àtẹ̀gùn kejì nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ wa, omi tí ó wà níbẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ. Ìyá mi ti lé ní ẹni 70 ọdún, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gba orí àtẹ̀gùn yẹn sọ̀ kalẹ̀ sínú omi láìsí ewu. Wọ́n fi ìdí lu etí àtẹ̀gùn, wọ́n fi ọwọ́ tilẹ̀ kí orí wọn má baà bá a, ọrùn ọwọ́ náà sì wú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ohun tí a lè fi sórí àtẹ̀gùn tí ọ̀rá vinyl (irú ike rírọ̀ kan) bò, tí yóò di ẹsẹ̀ mú, tí kò sì ní ba ọ̀rá náà jẹ́. Nǹkan mẹ́ta ni mo dán wò. Ẹ̀kẹta wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níhìn-ín, ìyẹn àwọn ìlà vinyl tí kókó wà lójú wọn, tí a ń fi gọ́ọ̀mù abẹ́ omi lẹ̀ mọ́ àtẹ̀gùn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń mú kí irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ máa yọ̀, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè náwó sórí ohun tí kò kan ìṣòro rẹ̀. Ọ̀rá vinyl tí a ń tẹ́ sínú adágún kò nípọn: èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò tó mìlímítà kan, wọ́n sábà máa ń wà láàárín ìdajì mìlímítà sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, bí omi bá sì ti wọ àárín òun àti àtẹ́lẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò rí ohun kan dì mú mọ́. Òróró ara wa, àti ìpara tí a fi ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, a wá kún un. Ewédò ni ó burú jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé kì í tètè fi ara hàn: ojú lè má rí àwọ̀ kankan, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìka ra àtẹ̀gùn náà, a ó rí i pé ó ń yọ̀ bí ara ẹja.

Nítorí náà, kí n tó lẹ ohunkóhun, mo fọ àtẹ̀gùn náà. Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ni mo lò, nítorí pé búrọ́ọ̀ṣì onírin a máa ya vinyl. Mo yẹ omi wò, mo rí i pé chlorine inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tí ń pa ewédò àti kòkòrò, ti lọ sílẹ̀ ju mílígíráàmù 1 nínú lítà kan lọ, èyí tí ó jẹ́ pé omi ìlúwẹ̀ẹ́ kò gbọ́dọ̀ kéré sí. Mo gbé e sókè, mo sì rí i dájú pé pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, wà láàárín 7.2 sí 7.8. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da chlorine oníyẹ̀fun sórí àtẹ̀gùn kí ó máa yọ́ níbẹ̀, nítorí pé ibi tí ó bá balẹ̀ sí yóò ṣí láwọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìyàtọ̀ hàn kedere lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ìwé tí ó wà nínú páálí àwọn ìlà yìí kò sọ ọ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ohunkóhun tí a bá lẹ̀ mọ́ orí ewédò, ewédò ni a lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rà ni téèpù oníyanrìn, irú èyí tí a ń rí lórí àtẹ̀gùn ilé. Mo kábàámọ̀ rẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà bí sáńpépà, awọ ẹsẹ̀ tí ó ti rọ̀ nínú omi kò sì lè fara dà á. Ọmọ mi kan fi orúnkún gbá a, orúnkún náà sì bó. Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú kò bá vinyl rẹ́. Àwọn tí ń ṣe vinyl a máa po èròjà kan mọ́ ọn kí ó lè rọ̀, èròjà yìí a sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ wọ inú gọ́ọ̀mù téèpù títí tí gọ́ọ̀mù náà yóò fi dẹ̀, tí kò ní lè di nǹkan mú mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, etí rẹ̀ ti ń ká sókè, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ṣì lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí mo bá fà á pẹ̀lú agbára, ọ̀rá adágún ni yóò bá a wá. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi rọra bó o kúrò.

Ẹní rọ́bà inú ilé ìwẹ̀, tí ó ní àwọn ife kéékèèké lábẹ́ tí ń fà mọ́ ilẹ̀, ni mo tún gbìyànjú. Ilẹ̀ líle tí ó jọ̀lọ̀ ni irú ife bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Lórí vinyl tí ó rọ̀, wọ́n dì mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹní tí ń rìn lábẹ́ ẹsẹ̀ léwu ju kí ẹní má sí rárá lọ, nítorí pé ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ti gbà pé òun ti rí ibi dúró, ó sì ti fi gbogbo ara lé e. Rọ́bà dúdú sì tún lè fi àbàwọ́n sára vinyl, èyí tí fífọ̀ kò ní mú kúrò.

Àwọn ìlà oníkókó yìí yàtọ̀, nítorí pé vinyl bíi ti ọ̀rá adágún gan-an ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Wọ́n kàn nípọn díẹ̀ jù ú lọ, wọ́n sì ti tẹ kókó wẹ́wẹ́ sí ojú wọn. Mo gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìlà kọ̀ọ̀kan ní róbótó, nítorí pé igun tí ó ṣe ṣóńṣó ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣí. Mo pa gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn rẹ̀ dé etí, mo gbé e wọ inú omi, mo sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí kí omi àti afẹ́fẹ́ lè jáde lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbé àpò kéékèèké tí yanrìn wà nínú wọn lé e, tí mo sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Etí iwájú àtẹ̀gùn ni mo gbé ìlà kọ̀ọ̀kan sí, kì í ṣe àárín, nítorí pé etí iwájú ni ẹsẹ̀ ẹni tí ń sọ̀ kalẹ̀ ti máa ń yọ̀.

Oṣù 8 ti kọjá. Àtẹ́lẹsẹ̀ tí ìpara wà lára rẹ̀ pàápàá ń dúró lórí àwọn kókó náà, kò sì sí ẹni tí awọ rẹ̀ bó. Àǹfààní kan tún wà tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ọ̀rá adágún wa jẹ́ búlúù láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn ìlà tí mo rà sì funfun, nítorí náà a ti ń rí ibi tí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan parí sí. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Omi máa ń tan ojú jẹ: bí a bá wo ilẹ̀ tí ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 lábẹ́ omi láti òkè, ojú yóò rí i bíi pé sẹ̀ǹtímítà 30 péré ni. Ìyá mi sọ fún mi pé àwọn kì í fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn mọ́ kí àwọn tó sọ̀ kalẹ̀.

Àléébù rẹ̀ kò ṣe é fi pa mọ́. Ẹ̀gbin a máa sá sí àárín àwọn kókó, nítorí náà n kò lè fi fífọ̀ jáfara ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Kò sì sí àtúnṣe bí a bá lẹ̀ ẹ́ ní wíwọ́. Èyí tí mo lẹ̀ mọ́ àtẹ̀gùn òkè wọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì wà. Gọ́ọ̀mù yìí kò wà fún àtẹ̀gùn fáíbà tàbí ti ike líle tí àwọn adágún kan ní. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ pààrọ̀ gbogbo ọ̀rá adágún rẹ̀ láìpẹ́, kí ó má rà á: kí ó sọ fún àwọn tí yóò ṣe ọ̀rá tuntun náà pé kí wọ́n fi vinyl oníkókó ṣe ibi àtẹ̀gùn láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò ní ní etí tí ó lè ṣí.

Bákan náà, n kò gbà pé ìlà yìí tó fún àgbàlagbà láìsí irin ìdìmú. A ti ri irin kan mọ́ ilẹ̀ kọ́ńkéré tí ó wà ní etí adágún, kì í ṣe mọ́ àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀, nítorí pé ihò kan ṣoṣo lára ọ̀rá yóò máa jò. Oníṣẹ́ iná tí ó mọ iṣẹ́ adágún ni ó so irin náà pọ̀ mọ́ àwọn irin yòókù àti ilẹ̀, kí iná má baà gbé ẹni tí ó bá dì í mú. Ọwọ́ kan lórí irin, ẹsẹ̀ lórí ìlà: bí ìyá mi ti ń sọ̀ kalẹ̀ nìyẹn báyìí.

Nínú ìlà 6 tí mo lẹ̀, ẹyọ kan ti ń ṣí ní etí òsì, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì. Mo ti ra gọ́ọ̀mù mìíràn, n ó sì tún un lẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó fi ìka ẹsẹ̀ kọ́ ọ.