Ọsàn wẹ́wẹ́ àbí ọsàn mímu: èwo ni ká fún sí ọtí onímíǹtì?

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni àwọn ará Kúbà ń fi ṣe mojito, ìyẹn ọtí tí wọ́n ń fi ewé míǹtì sí, pẹ̀lú ọtí rọ́ọ̀mù, ṣúgà àti omi sódà. Ẹyọ kan ti tó ife kan, àmọ́ ó kan, ṣúgà ò gbọdọ̀ kéré. Ọsàn mímu ò fẹ́ ṣúgà púpọ̀. Lásìkò rẹ̀, ó máa ń kún ọjà Odò-Ògbè n'Ífẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé adùn ń bo ọtí mọ́lẹ̀, èèyàn á ti yó kó tó fura.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gún míǹtì bí ata. Ìdí ṣíbí lẹ máa fi rọra tẹ̀ ẹ́ títí òórùn á fi jáde. Tó bá ti já wẹ́wẹ́, á korò.

Bí àlejò bá pọ̀, ọsàn mímu nínú jọ́ọ̀gì ló rọrùn. Bó bá jẹ́ ife kan péré, tí yìnyín wà, ọsàn wẹ́wẹ́ lèmi á fún.