Raleigh àtijọ́: ká tọ́jú u bó ṣe wà ni, àbí ká pààrọ̀ ẹ̀yà rẹ̀?

Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí mò ń sọ ni èyí tó ga, tó dúdú, onítáyà 28, tó jẹ́ irin gbọọrọ ló ń fa bíréèkì rẹ̀ dípò wáyà, irú èyí tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko kòkó. Ó ṣì wà nílùú wa, ó sì pọ̀ lọ́jà àlòkù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á bá ara rẹ̀ ní oríta: ṣé kó tọ́jú u bí wọ́n ṣe gbé e jáde nílé iṣẹ́ Raleigh ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, àbí kó yí i padà kó lè bá ìrìnnà òde òní mu? Èmi fara mọ́ méjèèjì. Ohun tó ń dùn mí ni kí wọ́n ba ohun tí kò ní ṣeé dá padà mọ́ jẹ́.

Ọ̀dà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Bí ọ̀dà ilé iṣẹ́ bá ṣì wà lára irin, tí ààmì olórí ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn sì wà níwájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kùn ún. Ọ̀dà tó ṣá tàbí tó họ díẹ̀ kò burú, fífọ̀ àti nínù ti tó o. Ibi tó yẹ kó máa dán tó ti dípẹtà ńkọ́? Ẹ ká fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ, ẹ tì í bọ omi, kẹ́ ẹ máa fi ra á. Ìpẹtà á máa ṣàn jáde bí ẹrẹ̀ dúdú, irin á sì máa dán lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí sánpépà débẹ̀ rárá.

Àmọ́ bí ẹnì kan bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún láti ọjọ́ pípẹ́, ohun tá à bá tọ́jú ti lọ. Irú ìyẹn ni kẹ́ ẹ rà bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ yí i padà. Owó rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀.

Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn

Èyí tó bá ní jíà mẹ́ta sábà máa ń lo họ́ọ̀bù (irin àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ń yí, tí jíà wà nínú rẹ̀) ti ilé iṣẹ́ Sturmey-Archer tí wọ́n ń pè ní AW, tó jáde ní 1936. Ẹ nu gíríìsì ara rẹ̀ kúrò, ẹ máa rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Bẹ́ ẹ bá rí 58 àti 3, oṣù kẹta ọdún 1958 ni wọ́n ṣe é. Bí ẹni tó ń tà á bá wá ń sọ pé ti 1940 ni kẹ̀kẹ́ òun, ó kéré tán, wọ́n ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ẹni tó fẹ́ ojúlówó ní láti gé owó níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ yí i padà kò ní jẹ́ kíyẹn da òun láàmú, kó ṣáà ti ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ló ń yọ họ́ọ̀bù yìí jù nù torí pé jíà ń já. Wáyà jíà ni kò le tó lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ tún wáyà náà fà, ẹ kán ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ihò tó wà lára họ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tún un gùn kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kankan.

Ibi tí ìpààrọ̀ ti borí

Bíréèkì ni. Tí òjò bá pa ríìmù onírin tó ń dán yẹn, rọ́bà kì í dì í mú dáadáa. Ẹni tó máa gùn ún láàárín ọkọ̀ lójoojúmọ́, ẹ jẹ́ kó pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ inú ríìmù ni rọ́bà bíréèkì yìí ti ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́, nítorí náà bíréèkì oníwáyà nìkan kò lè tó o. Ẹ máa ní láti pààrọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì, láti ríìmù oníwọ̀n mìlímítà 635 sí 622 onírin fúyẹ́. Ẹ kó ti àtijọ́ pamọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò wọ́n rárá. Eyín 46 ló sábà wà lára irin tó ń yí ṣéènì níwájú, 18 lára ti ẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ náà sì lè tó kílò 20. Ẹ fi ìyẹn gun òkè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn kẹ́ ẹ wò ó! Kí gígùn òkè lè rọrùn, ẹ fi eléyín 22 rọ́pò ti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ kún ṣéènì. Lára ọ̀pọ̀ AW, òrùka wáyà kan ló dì í mú, ọjọ́ tó bá wù yín lẹ lè dá a padà.

Ẹ ṣọ́ra fún ibi tí ọ̀pá pẹ́dà tá à ń tẹ̀ ti wọnú férémù. Tíréèdì (ìlà tí wọ́n gbẹ́ yí irin po kó lè ṣeé yí wọlé) 26 nínú ínǹsì kan ni Raleigh lò, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yòókù ń lo 24. Ẹ̀yà tuntun kò ní wọlé, làwọn kan bá ń gbé e lọ bá wẹ́dà. Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ náà ti lọ tí kò ní padà mọ́. Ẹ fi ọ̀pá àárín rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ kàn pààrọ̀ kọ́tà-píìnì, irin kékeré tó di apá pẹ́dà mọ́ ọ̀pá náà.

Nípa owó

Sùúrù ni ìtọ́jú máa ń gbà jù. Ìpààrọ̀ ló ń gba owó, owó yẹn kì í sì í sábà padà wọlé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ béèrè àwọn ẹ̀yà tí wọ́n yọ. Tí wọ́n bá ṣì wà, ẹ san owó tó jọjú. Tí wọ́n bá ti tà wọ́n, tí iná wẹ́dà sì ti kan férémù, owó àlòkù lásán ni kẹ́ ẹ san.